Ààwẹ̀ Tí Wọ́n Gbà fún Ọgbẹ́ Inú Mi

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà ní ìpàdé àdúrà àwa obìnrin ní Ọ̀kà. Bí mo ṣe ń dìde, nǹkan kan sọ̀ kalẹ̀ sí mi lójú ara, ó rọ̀ bí ẹyin sísè tí a ti bó. Mo pa itan pọ̀, mo jókòó padà.

Láti ìgbà náà, bí mo bá wúkọ́, ìtọ̀ á jò. Bí mo bá gbé omi, ìdí á máa fà mí wálẹ̀. Mo ń ki àkísà sábẹ́, mo sì ń jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn nítorí òórùn. Nígbà tí ẹgbẹ́ bi mí léèrè, mo ní ọgbẹ́ inú ni. Wọ́n gbà mí gbọ́. Wọ́n ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún mi nítorí pé mi ò gbọdọ̀ jẹ ata, wọ́n sì gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta fún mi, láìjẹ, láìmu, títí di ìrọ̀lẹ́. Mo ń mu ẹ̀kọ wọn, mi ò lè wo ojú wọn.

Lọ́jọ́ tí ààwẹ̀ máa parí, òòyì kọ́ Màmá Ìkún, àgbà ẹgbẹ́ wa, bó ti ń gun òkè bọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n mú un jókòó tì mí, wọ́n gbé omi fún un. Ó kọ̀ ọ́. Ó ní ààwẹ̀ ọmọ òun kò tíì pé. Èmi ni ọmọ náà.

"Màmá, ẹ mu omi," ni mo wí. "Kì í ṣe ọgbẹ́ inú. Ilé ọmọ mi ló ń jáde. Irọ́ ni mo pa fún yín."

Màmá gba omi, ó mu ún tán, ó ní:

"Tèmi ti ń jáde láti ìgbà tí mo ti bí àbíkẹ́yìn mi. Ọwọ́ ni mo fi ń tì í padà. Ìwọ náà, o ò ṣe sọ ọ́ kí ebi tó pa mí tó báyìí?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá Délé, olórí wa, bú sẹ́kún, ó ní ìtọ̀ kì í dúró lára òun náà.

Òun àti Màmá ló bá mi lọ sí ọsibítù ní Ìkàrẹ́. A pẹ́ lórí bẹ́ǹṣì. Dókítà ṣàlàyé pé iṣan tó gbé ilé ọmọ ró ló ti dẹ̀, nítorí ọmọ bíbí àti ẹrù rírù. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ki òrùka rọ́bà sí Màmá lójú ara láti fi gbé tirẹ̀ ró. Èmi ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Ó dùn mí gan-an. Ẹ̀rù àtiyàgbẹ́ pàápàá ń bà mí. Àwọn obìnrin wa ló ń pọn omi mi.

Ní báyìí, kí Ìyá Délé tó gbàdúrà fún ẹnikẹ́ni, á kọ́kọ́ béèrè pé, "Kí ló ń ṣe yín gan-an?" A ó sì dúró de ìdáhùn.

Ara mi ti bímọ, ó ti ru ẹrù, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tì mí lójú mọ́. Omi tí Màmá kọ̀ nítorí mi ló ṣì ń tì mí lójú.