Orúkọ Tí Ìyàwó Sọ Ràṣídá

Ohùn kan wà nínú fóònù ọmọ-ọmọ mi tí kì í rẹ̀. Bí ọmọ náà bá ti dé láti ilé ìwé, á jókòó sí pálọ̀ wa ní Sùúrùlérè, fóònù á pe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, òun náà á pè é tẹ̀ lé e. Bó bá gbà á, agogo kékeré kan á dún. Bó bá ṣì í, fóònù á kùn bí eṣinṣin inú ìgò. Ìdánwò ló ń múra sílẹ̀ fún, ọ̀pọ̀ ọmọ ló sì ń du ààyè kan náà. Mi kì í dá sí i. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, agogo yẹn dún, mo sì ṣàdédé rántí ẹ̀yìnkùlé kan ní Muṣin.

Ilé Bàbá Káfíńtà là ń gbé nígbà náà. Ará Iléṣà làwọn òbí mi, ayálégbé ni wá, yàrá kan la gbà nínú ilé tí yàrá ti kọjú sí yàrá. Ràṣídá ni àbígbẹ̀yìn bàbá onílé. Ẹgbẹ́ ni wá, kíláàsì kan náà la wà, ìdánwò ìwọlé sí girama ló sì wà níwájú àwa méjèèjì. Tèmi rọrùn: bí mi ò bá yege, bàbá mi á ní kí n tún un ṣe. Ti Ràṣídá kò rí bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti sọ ọ́ lójú gbogbo ilé pé bó bá yege, yóò lọ sí girama. Bí kò bá yege, kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, kó lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bàbá Káfíńtà kì í sì í sọ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọdún yẹn náà ni ẹ̀gbọ́n Ràṣídá gbé ìyàwó wọlé. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ èyí: nígbà náà, obìnrin kì í pe ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bá ti bí kó tó wọlé, ọkọ rẹ̀ ni, ìbáà jẹ́ èyí tí ikun ṣì ń dà nímú rẹ̀. Òun ni yóò wá orúkọ tó wù ú fún wọn. Èyí tó ga di Òpó, èyí tí eyín rẹ̀ funfun di Eyínafẹ́. Nígbà tó kan Ràṣídá, ẹ̀yìnkùlé ló ti bá a, ó ń ṣa ẹ̀wà, ìwé Gẹ̀ẹ́sì wà lórí itan rẹ̀, ó ń kà á sókè. Ìyàwó ní, "Akọ̀wé mi rè é." Láti ọjọ́ náà, láràárọ̀, á kúnlẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì ga tó èjìká rẹ̀: "Akọ̀wé, ẹ káàárọ̀." Nítorí pé Ìyàwó dàgbà jù ú lọ, Ràṣídá náà á kúnlẹ̀: "Ẹ káàárọ̀, ìyàwó mi." Ta ni yóò wá kọ́kọ́ dìde? Àwa ayálégbé á dúró wòran.

Ìyàwó kò lọ sílé ìwé rí, ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ kì í tán. Ohun tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò gbé sókè. "Akọ̀wé, kí ni wọ́n ń pe èyí lóyìnbó?" Asẹ́ ni o, ọmọrí ìkòkò ni o, okùn kànga ni o. Bí Ràṣídá kò bá mọ̀ ọ́n, á sáré lọ béèrè lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n Bísí, tíṣà tó ń gbé yàrá iwájú. Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe ń wọ̀ ọ́ lára. Èmi ń há tèmi sórí, ó sì ń jò dànù.

Àwọn àkànlò èdè òyìnbó ló máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ràṣídá ka ọ̀kan lọ́jọ́ kan pé bí òyìnbó bá parí ìjà, wọn a máa bo àáké mọ́lẹ̀. Bàbá Káfíńtà, tó ń pọ́n ayùn lọ́wọ́, gbójú sókè.

"Àáké tó dáa?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Ìjà yẹn ò tíì parí. Ẹni tó bo àáké mọ́lẹ̀ ò gbàgbé ibi tó bò ó sí."

Ó padà sídìí ayùn rẹ̀. 

Ibà mú Ràṣídá lọ́jọ́ ìdánwò. Ó wọ súwẹ́tà bàbá rẹ̀ nínú oòrùn, ó lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí èsì dé, èmi yege, òun kò yege. Ó dùn mí débi pé mi ò lè jẹ àkàrà tí ìyá mi rà láti fi bá mi yọ̀. Ìdajì ohun tí mo kọ sílẹ̀, ẹnu Ràṣídá ni mo ti gbọ́ ọ, òun ló sì ń di ẹrù lọ sí Ìjẹ̀bú.

Ìyá mi fa Ìyàwó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ìyàwó, jọ̀ọ́, wá orúkọ mìíràn fún un. Akọ̀wé yẹn ti dọgbẹ́ báyìí."

Ìyàwó ní, "Mà, mi ò torí ìdánwò pè wọ́n ní Akọ̀wé. Gbogbo òyìnbó tó wà lẹ́nu mi, àwọn ló kọ́ mi. Ìdánwò ò lè gbà á padà."

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ràṣídá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ojú rẹ̀ wú. Gbogbo wa ṣe bí ẹni tí kò wò ó. Ìyàwó kúnlẹ̀ síbi tó máa ń kúnlẹ̀ sí. "Akọ̀wé, ẹ káàárọ̀." Mo rò pé Ràṣídá yóò bú sẹ́kún. Ó dúró títí, lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, ìyàwó mi." Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó wọkọ̀ lọ.

Mo lọ sí girama, mo lọ sí yunifásítì, Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n ti wó ilé Bàbá Káfíńtà, wọ́n ti kọ́ ilé alájà síbẹ̀. Àwọn ìyàwó ìsinsìnyí ń pe àbúrò ọkọ wọn lórúkọ gbangba, ọ̀run kò sì ya lu ẹnikẹ́ni, mi ò bá wọn jà. Fóònù ọmọ-ọmọ mi mọ ọ̀rọ̀ ju Ẹ̀gbọ́n Bísí lọ. Ṣùgbọ́n bí ibà bá ń ṣe ọmọ tó mú un dání, kò ní mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì ọjọ́ tí agogo yẹn dún létí mi, mo lọ sí Ìpọ̀nrí, níbi tí Ràṣídá ti ń rán yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ilé ìwé. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Màmá Akọ̀wé, wọn kò sì mọ ibi tí orúkọ náà ti wá. Mo bá Ìyàwó níbẹ̀. Orúnkún rẹ̀ kò ṣeé kúnlẹ̀ mọ́, orí ló kù tó ń tẹ̀ ba. Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ó gbé ọ̀pá tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà fún un sókè.

"Akọ̀wé, kí ni wọ́n ń pe èyí lóyìnbó?"

Ràṣídá dá ẹ̀rọ dúró, ó sọ ọ́ fún un. Ìyàwó pè é tẹ̀ lé e. Ràṣídá ní ó gbà á, kò ṣì í.