Bí Rédíò Mi Ṣe Gba Máìkì Lọ́wọ́ Ládánì

Ilé wa wà ní Ṣàpọ́n, l'Abẹ́òkúta. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni yàrá mi, mọ́ṣáláṣí àdúgbò sì wà níwájú ilé gan-an, tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi máa ń gbọ́ bí ládánì ṣe ń wúkọ́ kó tó pe ìrun. Oníṣòwò aṣọ ni àwọn baba ńlá mi, wọ́n wà lára àwọn tó kọ́ mọ́ṣáláṣí náà, bàbá mi sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àgbà ibẹ̀ títí dòní. Èmi nìkan ni n kò ta aṣọ. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mò ń ṣe ní Èkó. Ọkọ̀ ojú irin ni mò ń wọ̀ lọ láàárọ̀, òun náà ló ń gbé mi bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

Rédíò ni mo fi ń najú lópin ọ̀sẹ̀. Kì í ṣe èyí tí a fi ń gbọ́ ìròyìn o. Eléyìí ń gbọ́, ó sì ń sọ: tí mo bá sọ̀rọ̀ sí i, ẹni tó ní irú rẹ̀ nílùú òkèèrè lè gbọ́ mi, kó sì dá mi lóhùn, láìsí káàdì, láìsí dátà. Ènìyàn gbọ́dọ̀ gbàwé àṣẹ kó tó lò ó, mo ti ṣe ìdánwò rẹ̀, mo sì ti gbà á. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń tà lódindi ju agbára mi lọ, ni mo bá ra èyí tó wá ní wẹ́lẹwẹ̀lẹ nínú ọ̀rá: pátákó pẹlẹbẹ kan, àwọn ẹ̀yà kéékèèké tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ, wáyà, àti ìwé tó ṣàlàyé bí a ṣe ń tò wọ́n.

Oṣù méjì ni mo fi ń yọ́ òjé, tí mo fi ń lẹ̀ wọ́n mọ́ pátákó lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ohùn ọkùnrin kan láti Gánà, n kò mọ ìgbà tí mo figbe ta. Ìyá mi sáré gòkè wá, ó rò pé iná ló gbé mi.

Ká ní mo dúró síbẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá má rí báyìí. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí Gánà kò fi tó mi mọ́. Mo yọ táńsísítọ̀ tó ń ti ohùn jáde, mo fi èyí tó lágbára jù ú lọ rọ́pò rẹ̀. Kọ́ìlì mẹ́ta kan, wáyà tí a wé róbótó, wà lẹ́yìn rẹ̀ tí iṣẹ́ wọn dà bíi ti asẹ́: wọ́n ń sẹ́ ìdọ̀tí kúrò lára ohùn kó tó gun wáyà tí mo ta sórí òrùlé láti gbé e lọ sókèèrè, kó má baà dí ẹ̀rọ ẹlòmíràn lọ́wọ́. Níbi tí mo ti ń tún wọn wé, ọ̀kan fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ìwé náà kọ ọ́ gàdàgbà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lo rédíò yìí láìsí asẹ́. Mo kà á. Síbẹ̀, mo fi wáyà kan fo asẹ́ náà dá, mo ní bí mo bá rí kọ́ìlì mìíràn rà, màá ṣe é bó ṣe yẹ.

Ọjọ́ Sátidé kan ni mo dán an wò, nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Mo pè títí, àfi bí ẹnì kan ṣe dá mi lóhùn láti Bùràsíìlì. Bùràsíìlì! Orí mi wú. Ibi tí mo ti ń pe orúkọ ìlú mi fún un, "Abẹ́òkúta, Abẹ́òkúta," ni mo gbọ́ tí gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí ń ké bí pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n fún lọ́rùn. Ládánì ti ń pe ìrun Àlàásárì lọ́wọ́. Mo dákẹ́, ariwo náà dákẹ́. Mo sọ fún ara mi pé ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni.

Lọ́jọ́ kejì, mo dúró de àsìkò ìrun náà. Bí ládánì ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè, mo tẹ máìkì tèmi, mo ní, "Hẹ́lò, hẹ́lò." Pẹ́pẹ́yẹ ké. Mo yọjú lójú fèrèsé. Bàbá ládánì ti jáde síta, ó ń wo gbohùngbohùn lórí òpó, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá máìkì. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Láti kékeré mi, ohùn rẹ̀ ló ń jí wa. Fìlà ló ń rán jẹun, ṣùgbọ́n ìpè yẹn ni gbogbo àdúgbò fi mọ̀ ọ́n. Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe dàrú. Mo fa ojú fèrèsé dé.

Ọkùnrin Bùràsíìlì ti ṣèlérí pé òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun máa tẹ́tí sí mi ní Sọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. N kò lè fi í sílẹ̀. Mo dín agbára rédíò náà kù díẹ̀, mo ní ìyẹn á tó. Kò tó. Àsàlátù ń lọ lọ́wọ́, mọ́ṣáláṣí kún, gbohùngbohùn náà sì ké lé àdúrà lórí. Mo gbọ́ tí àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn bàbá mi, tó ń bá ládánì tó di máìkì mú wí.

"Bàbá, ẹ gbé máìkì yẹn sílẹ̀. Ọjọ́ ti lọ lórí yín, ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó mọ́."

"Alhaji, mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan."

"Ṣé ẹ̀rọ ló ń fọwọ́ kan ara rẹ̀ ni?"

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n gbé ìpè fún ẹlòmíràn.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti dá táńsísítọ̀ kékeré padà. Mo wá kọ́ìlì rà lọ́sẹ̀ náà, mo so asẹ́ pọ̀, mo sì ta wáyà òrùlé gba ẹ̀yìnkùlé. Àtúnṣe ni mo pè é. Gbohùngbohùn kò ké mọ́, ìyẹn ló sì wá di ẹ̀rí lòdì sí bàbá arúgbó náà. Nídìí oúnjẹ, bàbá mi ní, "Ẹ ò rí i? Látìgbà tí baba yẹn ti kúrò nídìí ẹ̀, ó ń dún kedere." Ó yíjú sí mi. "Ìwọ tó o mọ ẹ̀rọ, àbí irọ́ ni mo pa?"

Mo ní, "Òótọ́ ni, sà." Mo gbé òkèlè mì.

Ọ̀nà mìíràn ni mo wá ń gbà lọ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin kí n má baà kọjá lẹ́nu ọ̀nà ládánì. Ó tó oṣù kan kí ó tó rí mi mú, lọ́jọ́ kan tí mo pẹ́, tí mo gba ọ̀nà tààrà. Ó jókòó síwájú ilé, fìlà kan wà ní orúnkún rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá."

"Ọmọ Alhaji, o kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìwọ gan-an ni mò ń wá." Ó mú wáyà kan tó gùn bí apá jáde láti inú apẹ̀rẹ̀ òwú rẹ̀. "Wáyà máìkì tí mo pààrọ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ké nìyí. Wọ́n ní o mọ ẹ̀rọ. Bá mi wò ó, kí ni mo ṣe tó fi bàjẹ́? Mi ò ní kí wọ́n dá mi padà o. Mo kàn fẹ́ mọ ẹ̀ṣẹ̀ mi ni."

Mo gba wáyà náà. Kò sí ohun tó ṣe é.

"Bàbá, ẹ ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni. Rédíò mi ló ń wọnú ẹ̀rọ yín."

Ó gbé fìlà orúnkún rẹ̀ sílẹ̀. N kò lè gbójú sókè.

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Ọjọ́ kejì tó ṣẹlẹ̀, sà."

"Ọjọ́ kejì." Ó gba wáyà náà padà, ó rọra ká a. "Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín lójú àwọn ọmọ ọmọ mi." Kò pariwo. Ó wá abẹ́rẹ́ rẹ̀ kàn. "Lọ sọ fún bàbá rẹ."

Mo lọ. Bàbá mi kò nà mí, kò bú mi. Ó fọwọ́ bojú, ó ní, "Ẹnu tèmi ni wọ́n fi lé e." Ní Sọ́ńdè, ó dìde ní àsàlátù, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ní kí èmi náà fẹnu ara mi sọ ọ́. Mo dúró láàárín àwọn obìnrin, mo sọ ọ́ láìsí máìkì. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ì bá sàn kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Àwọn àgbà lọ bẹ bàbá arúgbó náà pé kó padà sídìí ìpè. Ó gbàlejò wọn dáadáa, ó ní òun ti dárí jì wá, ó ṣàdúrà fún wọn. Ṣùgbọ́n kò padà. Ó ní ohùn ẹni tí wọ́n fi sípò òun dára, kí wọ́n má yọ onítọ̀hún lẹ́gbẹ́. Mọ́ṣáláṣí kan lọ́nà Aké ló ti ń kírun báyìí, ibẹ̀ sì jìnnà sí ẹsẹ̀ àgbàlagbà.

Mo ti padà sí ọ̀nà àtijọ́. Láràárọ̀ ni mò ń kúnlẹ̀ kí i kí n tó lọ wọkọ̀. Ó máa ń dáhùn, ó máa ń ṣàdúrà pé kí Ọlọ́run mú mi lọ kó mú mi bọ̀. Kò dárúkọ rédíò fún mi láti ọjọ́ náà.