Béèsì Kì Í Dún Nínú Fóònù

Òórùn ọ̀dà tuntun àti róòbù ni mo fi ń rántí ọ̀sẹ̀ yẹn. Fúláàtì mi ní Beam Park nílùú òyìnbó níbí ni, ilé tuntun tí ògiri rẹ̀ fẹ́lẹ́. Yàrá tí oòrùn ń wọ̀ ni mo fún ìyá mi nígbà tí dókítà ti ní kò sí ohun tó kù tí àwọn lè ṣe, ká máa tọ́jú wọn nílé.

Ọ̀rẹ́ mi, o mọ iṣẹ́ wa. Wọ́n á pè ẹ́ sí sítúdíò, wàá ta gìtá béèsì sí orin sóòlù olórin kan, wàá sì gba ilé ẹ lọ. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀. Ìyá mi ò fẹ́ iṣẹ́ náà fún mi rárá, àmọ́ lọ́jọ́ kan wọ́n ṣàdédé ní, "Jẹ́ kí n gbọ́ ohun tó o fi ayé ẹ ṣe kí n tó lọ." Inú mi dùn gan-an. Mo wá orin tí mo ta béèsì rẹ̀ dáadáa jù, mo gbé fóònù sétí wọn.

Wọ́n gbọ́ ọ parí. "Mo gbọ́ obìnrin tó ń kọrin. Mo gbọ́ fèrè. Ìwọ dà? Àbí wọ́n yọ ẹ́ ni?"

Fóònù kì í gbé ohùn ìsàlẹ̀ bíi ti béèsì, o kúkú mọ̀. Mo ṣàlàyé títí, ìyá mi kàn ń wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó ń parọ́. Ó dùn mí wọra. Sípíkà ńlá mi sì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wa nítòsí Heathway, mi ò lè gbé e àfi tí ìsìn Sunday bá parí.

"Màmá, ẹ dúró dè mí di Sunday."

"Ó dọwọ́ Olúwa."

Lọ́jọ́ Sunday náà, mo gbé e wọ bọ́ọ̀sì délé. Àbúrò mi obìnrin pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. "Láti àárọ̀ ni mo ti ń pe Màmá, wọn ò dáhùn." Mo gbé sípíkà sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, mo tan orin náà, mo di ọwọ́ ìyá mi mú. Omi inú ife ń gbọ̀n lórí tábìlì, ṣùgbọ́n ojú wọn ò yí padà. "Màmá, èmi nìyẹn. Èmi rèé."

Ẹnì kan kanlẹ̀kùn. Ọmọbìnrin tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa ni. "Uncle, ẹ má bínú. Orin yẹn ò burú, béèsì ẹ̀ ló pọ̀ jù. Ògiri wa ń mì."

Mo pa orin náà. Ìyá mi dákẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Wọ́n ṣì ń pè mí sí sítúdíò, mo ṣì ń lọ, kí ni mo tún mọ̀ ọ́n ṣe? Mi ò kàn retí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kó gbọ́ mi, kò gbọ́. Ẹni tó gbọ́ mi, ṣe ló wá bẹ̀ mí kí n dákẹ́.