Omi Inú Agolo

Òjò wínníwínní ló ń sẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà ní Ajégúnlẹ̀, irú èyí tí kì í jẹ́ kí aṣọ gbẹ, tí kì í sì í kún ìkòkò.

Rédíò ti ń sọ ọ́ fún bí ọjọ́ mélòó kan pé ní Kamẹrúùn, òkè oníná kan tó wà lábẹ́ adágún omi mí èémí burúkú síta, ó sì pa àwọn abúlé tó yí i ká sójú oorun, tènìyàn tẹran. Èmi tí n kò kàwé kọjá ìwé kẹta, àjàkálẹ̀ àrùn ni mo pè é.

Ọmọ Kamẹrúùn ni obìnrin tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti ibẹ̀ dé, tòun ti àpò kan ṣoṣo. Èmi ni àgbà obìnrin inú ilé. Mo ní kó má wọlé, kó má kó o ràn wá.

Obìnrin náà ní, "Mama, kò ní ibòmíì o."

Mo ní mo gbọ́.

Nílé bàbá mi, onílé ló ń kọ́kọ́ tọ́ omi àlejò wò lójú rẹ̀, kọ́kàn rẹ̀ lè balẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ àwọn ọmọ mi. Síbẹ̀, agolo mílíìkì tí mo fẹ́ jù nù ni mo bu omi sí. N kò tọ́ ọ wò. Mo gbé e sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo sì sún sẹ́yìn.

Ọkùnrin náà wo agolo, ó wò mí. Píjìn ló sọ, jẹ́jẹ́. Ó ní ọjà ìlú kejì lòun sùn lóru tí èémí náà jáde. "Mama, ọwọ́ yìí ni mo fi sin ìyàwó mi àtàwọn ọmọ mi. Bó bá ń ràn ni, ta ni ì bá sin wọ́n?"

Kò mu omi náà. Ó gbé àpò rẹ̀, ó gba ọ̀nà Coconut lọ nínú òjò. Àbúrò rẹ̀ ò bá mi jà. Ó da omi náà nù, ó fọ agolo, ó gbé e padà sẹ́nu ọ̀nà mi. Títí dòní, ojú ṣì ń tì mí.

Lọ́jọ́ kejì, mo mú kọ́ọ̀bù tánganran mi àti kẹ́ẹ̀gì omi, mo ní kí obìnrin náà jẹ́ ká jọ wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. A bá a lábẹ́ tírélà kan lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì. Mo bu omi, mo mu ún lójú rẹ̀, mo wá fọwọ́ méjèèjì gbé ìyókù fún un.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ká lọ sílé," ni mo wí. "N ò tíì kí yín kú ìrọ́jú."