Ọjọ́ tí Wọ́n Ní Bàbá Gáàdì Wà ní Kóòtù

Ìròyìn tó kọ́kọ́ dé Ìsọlọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni pé ìjọba ti gbé Bàbá Gáàdì lọ sí kóòtù. Wọ́n ní ó ń jí iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì lórí òpó, ó sì ń kó o pamọ́ sínú mọ́tò rẹ̀. Kí ìròyìn náà tó rin ojúlé mẹ́ta, iná tó jí ti tó èyí tí gbogbo Òṣòdì lè fi ṣe ọdún kan. Nígbà tó máa fi dé mọ́ṣáláṣí, wọ́n ní adájọ́ ti pàṣẹ pé kó bì gbogbo iná náà jáde lójú gbogbo ayé.

Irọ́ ni. Àmọ́ kì í ṣe irọ́ pátápátá. Iná pọ̀ jù nínú mọ́tò Bàbá Gáàdì lóòótọ́, ọ̀rọ̀ kóòtù náà sì ní ibi tó ti wá, àfi pé kò sí adájọ́ níbẹ̀.

Lásísì Ògúndélé lorúkọ tí wọ́n sọ bàbá náà, tó ti dolóògbé báyìí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wá a dé Ìsọlọ̀ pẹ̀lú orúkọ yẹn, ọ̀nà ló máa sùn. Bàbá Gáàdì ni gbogbo ayé mọ̀. Gáàdì rélùwéè ló ṣe títí irun rẹ̀ fi funfun: òun ló ń dúró nínú ọkọ̀ tó kẹ́yìn, tó ń ju àsíá aláwọ̀ ewé, tó ń fọn fèrè kí rélùwéè tó gbéra. Nígbà tó yá, ó fẹ̀yìn tì. Fèrè kò fẹ̀yìn tì.

Ó ra mọ́tò kan lọ́wọ́ òyìnbó tó ń padà sí ìlú rẹ̀ lẹ́yìn òmìnira. Ó sọ mọ́tò náà ní Sùúrù, nítorí pé ohun tí ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ ní nìyẹn.

Sùúrù kì í gbéra bí mọ́tò ẹlòmíràn. Ìyàwó Bàbá, Ìyá Táòfíkì, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dúró sẹ́yìn mọ́tò, kó ju àsíá, kí Bàbá fọn fèrè níwájú, kí obìnrin náà wá sáré wọlé. Lọ́jọ́ kan, ó ju àsíá tán, bàtà rẹ̀ yọ, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè mú un. Bàbá ti dé Òṣòdì kó tó ṣàkíyèsí pé òun nìkan lòun ti ń sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí. Nígbà tó padà dé, obìnrin náà ṣì dúró sójú kan pẹ̀lú àsíá lọ́wọ́.

"Bàbá Táòfíkì, ẹ fi mí sílẹ̀!"

"Ta ló fi ẹ́ sílẹ̀? O pàdánù èyí tó kọ́kọ́ lọ ni. Wọ èyí."

Ibùdókọ̀ Bọ́ládé ní Òṣòdì gan-an ló tún burú jù. Tó bá ti débẹ̀, á dúró, á yọ orí síta, á pariwo: "Bọ́ládé! Bọ́ládé rèé o! Ẹni tó bá máa sọ̀ kalẹ̀ kó sọ̀!"

"Ẹ jọ̀ọ́, èmi nìkan ni mo wà nínú mọ́tò yìí," Ìyá Táòfíkì á wí.

"Ṣé o fẹ́ sọ̀ ni?"

"Rárá."

"Kí ló wá kàn ẹ́ nínú ọ̀rọ̀ àwọn tó fẹ́ sọ̀?"

Báyìí ni ayé ń lọ títí di ọdún kejì òmìnira, nígbà tí Àwáwù, ẹ̀gbọ́n Bàbá Gáàdì lóbìnrin, ń lọ sí Mẹ́kà. Àwáwù yìí ló tọ́ Bàbá dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú, òun nìkan sì ni èèyàn tó lè sọ fún un láyé yìí pé "jókòó" kó jókòó. Múrí, ọkọ ọmọ Àwáwù, ní mọ́tò tuntun tó ń dán bí ìgò, ó sì ní òun máa gbé ìyá ìyàwó òun lọ sí pápá bàálù ní Ìkẹjà. Bàbá Gáàdì dìde láàárín mọ́ṣáláṣí, ó ní táyà mọ́tò mìíràn kò ní gbé ẹ̀gbọ́n òun lọ àfi ti Sùúrù. Ó búra. Ìdílé gbọ́, ìmáàmù gbọ́, Múrí náà gbọ́, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Bó ṣe ku ọ̀la ni Sùúrù ya wèrè. Iná iwájú rẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ́sàn-án gangan débi pé àkùkọ rò pé ilẹ̀ tún mọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Gílóòbù ń bẹ́ pàù, pàù. Omi bátìrì ń hó lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ìkòkò ẹ̀kọ. Bánkẹ́ oníbúrẹ́dì, tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà ìdúró rélùwéè Òṣòdì, fi ọmọ rẹ̀ búra pé téèyàn bá gbé ẹyin lé e, á jinná.

Bàbá wa mọ́tò náà lọ bá Bíọ́dún ní Bọ́ládé. Rẹ́wáyà ni Bíọ́dún, iṣẹ́ iná mọ́tò ló ń ṣe. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan péré.

"Bàbá, kọ́táòtù ti lọ."

"Lọ síbo?"

"Ó ti bàjẹ́ ni. Àpótí dúdú kékeré yìí. Dáínámò ló ń fún bátìrì níná, kọ́táòtù ló ń sọ fún dáínámò pé ó ti tó. Ní báyìí kò sẹ́ni tó ń sọ fún un mọ́, ó kàn ń bu iná fún bátìrì bí ìyá àgbà tó ń bu oúnjẹ fún ọmọ-ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n bá yín pààrọ̀ rẹ̀."

"Ìwọ? Kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti ń bá ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́!"

"Bàbá, gáàdì lẹ jẹ́. Iwájú ni ẹ́ńjìnnì wà, ẹ̀yìn pátápátá lẹ̀yin wà."

Gbogbo Bọ́ládé bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ba nǹkan jẹ́. Bàbá Gáàdì ní Bíọ́dún kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan Sùúrù, kò sì gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Òun máa pààrọ̀ kọ́táòtù òun fúnra òun, nílé òun. Bíọ́dún ṣáà gbà á nímọ̀ràn kan kó tó lọ: kó tan gbogbo iná mọ́tò náà títí dé ilé, kí iná tó pọ̀ jù náà lè rí ibi gbà. Bẹ́ẹ̀ ni Bàbá ṣe gba Òṣòdì kọjá lọ́sàn-án, tòun ti iná ní gbogbo ara mọ́tò. Ẹni tó bá wá ń bi ara rẹ̀ níbo ló ti rí gbogbo iná yẹn, ṣé ó jẹ̀bi?

Nígbà tó délé, kò bá ẹnì kankan. Wọ́n ti lọ ṣàdúà fún Àwáwù. Ó gbé mọ́tò sílẹ̀, ó gba ìdúró rélùwéè Òṣòdì lọ láti wọkọ̀ lọ ra kọ́táòtù tuntun ní Èbúté Mẹ́tà. Rélùwéè ti ń gbéra nígbà tó rántí ilé. Ó yọ orí lójú fèrèsé, ó ké sí Bánkẹ́ oníbúrẹ́dì: "Sọ fún wọn nílé pé mo lọ mú kọ́táòtù!"

Ẹ wo ariwo rélùwéè. Ẹ wo ariwo Òṣòdì. Ohun tí Bánkẹ́ gbọ́ ni: "Wọ́n ti mú mi lọ kóòtù!"

Ó gbé igbá búrẹ́dì sọlẹ̀, ó sáré dé Ìsọlọ̀. Ó bá gbogbo ìdílé bí wọ́n ṣe ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀. Àwáwù ju tẹ̀sùbáà sílẹ̀, ó káwọ́ lérí. "Kò sí Mẹ́kà tí mò ń lọ! Ṣé kí n máa yí Káábà ká nígbà tí Lásísì mi wà ní àtìmọ́lé?" Múrí fi mọ́tò tuntun kó gbogbo wọn, ó di kóòtù ìbílẹ̀.

Akọ̀wé kóòtù kan ló gbà wọ́n. "Ta lẹ̀ ń wá?"

"Àbúrò mi," ni Àwáwù wí.

"Kí ló ṣe?"

"Wọ́n ní ó jí iná."

"Níbo?"

"Nínú mọ́tò."

"Mọ́tò ta ni?"

"Tirẹ̀ ni."

Akọ̀wé bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ tóun ti ń ṣiṣẹ́ kóòtù, òun ò tíì rí olè tó ń ja ara rẹ̀ lólè.

Nígbà tí wọ́n máa fi padà délé, Bàbá Gáàdì ló wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú Sùúrù, bọ́nẹ́ẹ̀tì ṣí sílẹ̀, òógùn ń dà lára rẹ̀. Àwáwù rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn.

"Wọ́n ti tú ẹ sílẹ̀!"

"Ta ló dè mí?"

"Kóòtù!"

"Kọ́táòtù!" Ó gbé àpótí dúdú náà sókè. "Kọ́-tá-òtù! Ohun èlò mọ́tò ni!"

Bánkẹ́ wo àpótí, ó wo Bàbá, ó ní òun fi búrẹ́dì sílẹ̀ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, ó sì sáré lọ.

Ká sọ tòótọ́, Bàbá ti ṣe dáadáa títí di ìgbà yẹn. Ó ti yọ orí bátìrì kí iná má bàa gbé e. Kó tó tú àpótí tó bàjẹ́, ó ti so òwú pupa mọ́ wáyà kan, òwú funfun mọ́ èkejì, títí gbogbo wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi ní òwú tirẹ̀, kó lè mọ ibi tí kálukú ń padà sí. Ó ti fi ìṣó kàn kọ́táòtù tuntun mọ́ àyè rẹ̀ pinpin. Ó wá wọlé lọ bu omi mu. Ìyá Táòfíkì, tínú rẹ̀ dùn pé ọkọ òun kì í ṣe ẹlẹ́wọ̀n, bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ mọ́.

"Ẹ wo òwú ìránṣọ mi tí mò ń wá!" Ó sì tú gbogbo rẹ̀ pátá, ó ká a jọ dáadáa.

Bàbá jáde. Wáyà mẹ́rin ń wò ó, òun náà ń wo wáyà mẹ́rin.

"Ó yẹ kí n wa mọ́tò mi wá láàárọ̀ ọ̀la, àbí?" Múrí bèèrè jẹ́jẹ́.

Bàbá tẹjú mọ́ wáyà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa á rí i pé kì í ṣe ojú Múrí ló ń tì í. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni kò lè wò lójú.

Ibi tí wọ́n wà nìyẹn tí Bíọ́dún fi yọjú. Wọ́n ti ròyìn kóòtù fún un ní Bọ́ládé, ó wá wò ó bóyá òótọ́ ni.

"Dúró síbẹ̀ yẹn!" Bàbá ké. "Mi ò fẹ́ ọwọ́ rẹ, mi ò fẹ́ ẹnu rẹ!"

Bíọ́dún dúró. Ó wá rọra bẹ̀rẹ̀ sétí Àwáwù, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ojú wáyà kọ̀ọ̀kan lára kọ́táòtù ní lẹ́tà òyìnbó tirẹ̀, ṣùgbọ́n Àwáwù kò mọ lẹ́tà òyìnbó kan ṣoṣo. Nítorí náà, Bíọ́dún fi ìka yàwòrán wọn fún un sórí iyẹ̀pẹ̀. Àwáwù wò ó, ó tún ìlékè rẹ̀ ṣe, ó gbóhùn sókè.

"Lásísì!"

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Èyí tó nípọn tó ti ara dáínámò wá, gbé e sí ibi tó dà bí ìlàjì ọsàn."

Bàbá wo àpótí. Ó rí D. Ó gbé e síbẹ̀ láìjanpata.

"Èyí tó ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ bátìrì, gbé e sórí àkàbà."

Ó rí A, ó gbé e lé e. Ojú Àwáwù bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́lẹ̀.

"Èyí tó tín-ín-rín tó ti ara dáínámò wá náà, kọ́kọ́rọ́ ni tiẹ̀. Ẹ̀nnn! Lásísì, òòyà nìyẹn! Kọ́kọ́rọ́ ni mo wí! Ṣé o ò mọ kọ́kọ́rọ́ yàtọ̀ sí òòyà ni?"

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi." Ó yọ ọ́ kúrò lójú E, ó gbé e sójú F.

"Òòyà ló wá kù fún èyí tó kù. Ṣé o rí i? Kò le rárá!"

Wọ́n dá orí bátìrì padà. Ẹ́ńjìnnì hó. Iná pupa kékeré iwájú ìdarí, tó máa ń kú tí bátìrì bá ti ń gba iná, ń wò wọ́n bí ojú olè. Bàbá fẹsẹ̀ tẹ ẹ́ńjìnnì díẹ̀ kó lè yára, ojú náà pa dé, fìín. Kò sí gílóòbù tó bẹ́. Bátìrì kò hó. Àwáwù pa àtẹ́lẹwọ́, ó ní: "Ṣé ẹ̀yin rí mi? Mo tún mọ́tò ṣe!" Ó sọ ọ́ fún Múrí, ó sọ ọ́ fún ìmáàmù, ó sì tún sọ ọ́ fún ewúrẹ́ tó ń kọjá.

Lọ́jọ́ kejì, Sùúrù gbé e dé Ìkẹjà, wọ́n sì ti débẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí bàálù alára tó dé. Bàbá Gáàdì lọ bá òṣìṣẹ́ kan nínú aṣọ funfun, ó ní: "Bàálù yín ti pẹ́. Ta ni gáàdì rẹ̀?"

Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ìtàn náà ní Ìsọlọ̀ nìyẹn, Bíọ́dún ló sì máa ń dùn lẹ́nu jù. Ní òjò tó kẹ́yìn nínú ayé Bàbá Gáàdì, Bíọ́dún wá kí i, ó jókòó ti Àlájà Àwáwù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì ń ròyìn rẹ̀ fún àwọn àlejò bí òun àti Àlájà ṣe tan bàbá olóríkunkun kan jẹ. Àlájà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá wà lórí àga onírọ̀gbọ̀kú, ojú rẹ̀ dé, gbogbo wọn rò pé ó ń sùn.

"Irọ́ ni," ó wí, kò lajú.

Gbogbo ilé yíjú sí i.

"Ẹ ò tan ẹnì kankan. Ẹ̀gbọ́n mi yìí kò mọ bí wọ́n ṣe ń yí iná àtùpà sílẹ̀. Ọjọ́ wo ló wá mọ dáínámò? Ohùn Bíọ́dún ni mo ń gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi gbà, Bàbá?" Bíọ́dún bèèrè.

"Láti ọ̀sán ló ti ń sunkún nítorí mi. Nígbà tó sọ tàkọ́kọ́, tí mo ṣe é, mo rí eyín rẹ̀." Ó lajú díẹ̀, ó wo Àlájà. "Wáyà kẹta yẹn, mo mọ ibi tó ń lọ. Mo mọ̀ọ́mọ̀ gbé e sórí òòyà ni, kẹ́ ẹ lè tún bá mi wí."

Àlájà sún mọ́ ọn. Ó na ọwọ́, ó fà á létí bí ìgbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, kò sì tètè fi etí náà sílẹ̀.

"Ó ti tó," ni Bàbá Gáàdì wí, ó tún di ojú rẹ̀. "Bíọ́dún, máa bá ìtàn rẹ lọ. Ṣùgbọ́n sọ ọ́ bó ṣe rí."