Àmín Tí Mo Fi Kọ́ Kọ̀ǹpútà

Èmi ni mo kọ òfin náà. Mo fẹ́ tètè sọ ọ́ báyìí, torí mo mọ ara mi: tí mo bá jẹ́ kó pẹ́, màá wá ẹni tí màá dì í rù.

Ìwádìí là ń ṣe lórí bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ ìṣèlú nínú gúrúùpù orí fóònù: gúrúùpù ará àdúgbò, ti ọmọ ìjọ, ti òbí àwọn ọmọ iléèwé. Àwọn tó wà níbẹ̀ fọwọ́ sí i pé ká máa ka ohun tí wọ́n ń kọ. A máa ń yọ orúkọ wọn kúrò, a sì máa ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tiwa. Lẹ́yìn náà, àwa mẹ́rin tá a wà nínú yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì n'Ísọlọ̀ á ka ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, a ó lẹ àmì mọ́ ọn, bóyá ẹni tó kọ ọ́ fara mọ́ ohun tí wọ́n sọ ṣáájú rẹ̀ ni o, tàbí ó takò ó. Tó bá ti pọ̀ tó, kọ̀ǹpútà á fi tiwa kọ́ṣẹ́, á wá máa dá ka ìyókù fúnra rẹ̀. Àwọn tírélà tó ń lọ sí àwọn ilé iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn wa máa ń mi tábìlì wa láti àárọ̀, ó ti mọ́ wa lára.

Ohun tó ń dá iṣẹ́ wa dúró ni Àmín. Ẹ ṣáà mọ bá a ṣe máa ń ṣe. Ẹnì kan á gbé ọ̀rọ̀ gígùn wá, á fi àdúrà parí rẹ̀, ni Àmín á bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé tẹ̀ lé ara wọn. Ọ̀kan nínú wa ní ká máa fò ó, pé ẹnu lásán ni. Mo kanra mọ́ ọn. Mo ní ta ni wọ́n máa ṣépè níwájú rẹ̀ tó máa ṣe Àmín, tí kò ní jẹ́ pé ó ti bá wọn ṣẹ́ èpè náà? Tí mo bá ti fẹ́ borí nínú àríyànjiyàn, mi ò kì í rí nǹkan míì mọ́. Wọ́n gbà fún mi, a sì kọ ọ́ sínú ìwé ìlànà wa pé ẹni tó bá ṣe Àmín ti fara mọ́ gbogbo ohun tó wà lókè rẹ̀.

Èmi àti màmá mi là ń gbé ní Okota. Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ọmọ Èkìtì ni wọ́n, àìsàn ojú sì ti ń mú ìríran wọn lọ díẹ̀díẹ̀. Nínú fúláàtì tó dojú kọ tiwa, obìnrin ọmọ Ìgbò kan tó ń rán kọ́tìnì ló ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú ọkọ àti àwọn ọmọ rẹ̀, fún ohun tó lé lọ́dún mẹ́wàá. Èmi ń pè é ní àǹtí, òun ń pe màmá mi ní Mama. Láràárọ̀, tí mo bá ti jáde lọ síbi iṣẹ́, á wọlé wá, á ní kí Mama gbé orí sókè, á kán oògùn sí wọn lójú, kó tó kọjá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ kan ló rí i tí oògùn náà ń ṣàn sí wọn lẹ́rẹ̀kẹ́, ó gbà á lọ́wọ́ wọn, ó sì di iṣẹ́ rẹ̀ látọjọ́ náà.

Ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìbò, àǹtí kó jáde. A ò gbọ́ nǹkan kan tẹ́lẹ̀, àfi bá a ṣe rí ọkọ̀ akẹ́rù níwájú ilé, tí wọ́n ń gbé bẹ́ẹ̀dì sọ̀ kalẹ̀. Màmá mi jáde síta, wọ́n dúró lórí àtẹ̀gùn láìwọ bàtà. Ó sọ fún wọn pé, "Mama, ẹ máa tọ́jú ojú yín," ó sì lọ.

Ọ̀rọ̀ náà pa màmá mi lára gan-an. Fún ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n fi ń bi mí léèrè kí ni wọ́n ṣe. Ṣé ti pé àwọn ráhùn nípa ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ni? Ṣé ti pé àwọn ò lè bá wọn lọ síbi ìsìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni? Tí wọ́n bá kán oògùn fúnra wọn, ìdajì á dà sí aṣọ, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń jágbe mọ́ wọn pé èèyàn ń kó láti ilé kan sí òmíràn l'Ékòó lójoojúmọ́, ẹ fi ara yín sílẹ̀. Mo mọ̀ pé mi ò dáa lórí ọ̀rọ̀ náà.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà parí iṣẹ́, a ní kó bá wa wá àwọn tó fara mọ́ ọ̀rọ̀ ìhàlẹ̀ jù lọ. Ẹni tó ṣe ìkíní nínú gbogbo wọn ni nọ́ńbà kẹtàdínlógún, nínú gúrúùpù àdúgbò kan. Kò sí ìhàlẹ̀ tí wọ́n gbé síbẹ̀ tí kò fara mọ́. Ẹnì kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní, "Bàbá yìí le gan-an o. Àwọn tó ń bá wọn ṣe tọ́ọ̀gì nìyí." Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, mo sì ṣí gbogbo ohun tí ẹni náà ti kọ, kí n lè rí irú èèyàn tó jẹ́.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni, "Iná ti dé o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbàgbé áyọ́ọ̀nù sára wáyà, ẹ lọ yọ ọ́." Ìkejì ní kí àwọn òbí bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀, kí wọ́n máa wo ọ̀tún wo òsì kí wọ́n tó sọdá títì. Mo rẹ́rìn-ín, torí ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ láyé yìí tó bẹ̀rù áyọ́ọ̀nù tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín náà ò tíì kúrò lẹ́nu mi tí mo fi mọ ẹni tó ni nọ́ńbà náà.

Mo wá ibi tí wọ́n ti ṣe Àmín kàn. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìbò ni. Ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan gbé síbẹ̀ gùn, àdúrà oṣù tuntun ló fi bẹ̀rẹ̀. Láàárín rẹ̀ ló ti kọ ọ́ pé, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí ní àdúgbò wa, a mọ ilé yín, a mọ yàrá yín. Ẹni tó bá jáde lọ dìbò, kó dágbére fún ọmọ rẹ̀ kó tó jáde." Ìparí rẹ̀ tún padà sí àdúrà, pé Ọlọ́run á ṣọ́ ilé wa, ibi ò ní wọlé tọ̀ wá. Lábẹ́ rẹ̀ ni màmá mi ti kọ ọ́ pé, "Àmín lórúkọ Jésù," pẹ̀lú àwòrán ọwọ́ àdúrà mẹ́ta.

Lọ́sàn-án Sátidé, mo jókòó tì wọ́n, mo sì ń wo bí wọ́n ṣe ń lo fóònù wọn. Ọ̀rọ̀ gígùn kan wọlé. Wọ́n fi àtàǹpàkò tì í lọ sókè, wọn ò dúró títí wọ́n fi dé ìsàlẹ̀ pátápátá, wọ́n sún fóònù mọ́ ojú, wọ́n rí àwòrán ọwọ́ àdúrà, wọ́n sì tẹ Àmín.

Mo ní, "Mọ́mì, kí ni wọ́n sọ níbẹ̀?"

"Àdúrà ni," wọ́n ní. "Ṣé wọ́n á máa gbàdúrà fún mi, kí n wá panu mọ́? Ṣé mo ya aláìmoore ni?"

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo ní ká yí ìlànà wa padà. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tí mo kanra mọ́ nígbà yẹn, èyí tí kì í rọrùn fún mi rárá. A tún kọ̀ǹpútà kọ́, nọ́ńbà kẹtàdínlógún sì kúrò lórí àkọsílẹ̀ náà pátápátá. Mo rò pé mo ti tún nǹkan ṣe. Ó kù kí n lọ ṣàlàyé fún àǹtí, torí inú gúrúùpù yẹn lòun náà wà. Mo wádìí ibi tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Èjìgbò, mo sì sọ fún màmá mi pé mo fẹ́ lọ kí i. Wọ́n dìde lórí àga.

"Bi í pé kí ni mo ṣe fún un," wọ́n ní. "Má bá a jà o, mo mọ ẹnu ẹ."

Ó ń gé aṣọ nígbà tí mo débẹ̀. Ó fà mí lọ́wọ́ jókòó, ó ní kí wọ́n ra mínírà wá fún mi. Mi ò dúró kó dé. Mo ní, "Àǹtí, nítorí Mọ́mì ni mo ṣe wá. Àmín tí wọ́n ṣe sí ọ̀rọ̀ yẹn, wọn ò kà á. Ìparí rẹ̀ nìkan ni wọ́n rí."

Ó gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. "I know now. Ṣebí èmi ni mò ń kán oògùn sí wọn lójú? Mama ò lè ka nǹkan tó gùn tó yẹn."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi kó lọ?"

Ó ní, "Ìwọ lè kà á."

Ó ti aṣọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Nígbà tó o bẹ̀ wá pé ká sign, pé ẹ fẹ́ máa ka gúrúùpù wa, èmi ni mo kọ́kọ́ sign. Mo sọ fún ọkọ mi pé no wahala, tí nǹkan bá fẹ́ bàjẹ́, àbúrò mi wà níbẹ̀, ó ń kà á. Ọjọ́ tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ yẹn síbẹ̀, mo bi wọ́n lábẹ́ rẹ̀ pé ta ni wọ́n ń bá wí, mo sì rí i pé o ti ka tèmi, fóònù fi hàn mí. Mo ní o máa wá kan ilẹ̀kùn. Ṣebí ilẹ̀kùn sí ilẹ̀kùn ni wá. Lọ́jọ́ kẹta o bá mi lórí àtẹ̀gùn, o ní 'Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o.' You just waka pass. Lọ́jọ́ ìbò, èmi àtàwọn ọmọ mi ti ara wa mọ́ kíṣìnnì láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú."

Mo ní ohun tí mo lè sọ. Mo ti sọ ọ́ nípàdé láìmọye ìgbà, pé ẹni tó ń ṣèwádìí kì í dá sí ọ̀rọ̀, kó má bàa yí ohun táwọn èèyàn máa sọ padà. Mo fi ìyẹn sílẹ̀. Mo rántí ọjọ́ náà dáadáa: mo ka ọ̀rọ̀ náà látòkè délẹ̀ lórí tábìlì mi, inú mi sì dùn, torí a ò tíì rí àpẹẹrẹ tó ṣe kedere tó yẹn. Mo ní kí àǹtí má bínú.

"Mi ò bínú sí Mama," ó ní. "Bá mi kí wọn. Ṣùgbọ́n má mú wọn wá, jọ̀ọ́. Tí mo bá rí ojú wọn, màá fẹ́ padà, mi ò sì lè padà síbẹ̀."

Bí mo ṣe ń padà lọ sí Okota, mò ń ro tábìlì tá a fi ń kọ èsì wa. Ẹni tó fara mọ́ ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, ẹni tó takò ó wà níbẹ̀. Ẹni tó kà á tó dákẹ́ kò ní àyè kankan.

Màmá mi ti gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń retí mi. Wọn ò jẹ́ kí n wọlé tán. "Ó ní kí ni mo ṣe?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan, Mọ́mì." Mo ka ọ̀rọ̀ náà fún wọn látòkè délẹ̀, pẹ̀lú Àmín wọn. Wọ́n fọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n ní kí n tún ibi tó wà láàárín kà, mo sì tún un kà. Omi ń bọ́ lójú wọn, kì í sì í ṣe ti oògùn.

"Ìwọ ńkọ́," wọ́n ní, "ìgbà wo lo kà á?"

"Ọjọ́ tí wọ́n gbé e síbẹ̀."

"Ọjọ́ yẹn gan-an?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo kọ ọ́ sílẹ̀."

Wọ́n ṣì ń wò mí, wọ́n ń retí kí n parí ọ̀rọ̀ mi, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ló parí sí.