Jalamíà Dáwúdù

Ọmọ ìyá kan ni èmi àti Níímọ̀tà. Èmi ni ẹ̀gbọ́n, nítorí náà mo lè bú u kí n sì tún bá a sunkún. Mẹ́kà ni wọ́n bí wa sí, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ràn ìmọ́tótó tó o ní gbogbo Ka'kiyah, àdúgbò wa. Bí ìdọ̀tí bíńtín bá ta sí aṣọ ẹ̀, kò ní kírun àfi tó bá fọ̀ ọ́.

Dáwúdù, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Jẹ́dà. Ẹnì kan gún ọkùnrin tó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí níbẹ̀, wọ́n sì bá ẹ̀jẹ̀ lára jalamíà Dáwúdù. Ó ní ooru ló mú kí imú òun ṣẹ̀jẹ̀, pé ẹ̀jẹ̀ òun ni. Ta ló gbọ́? Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fún un. Nígbà tí ẹjọ́ parí, wọ́n di jalamíà náà sínú ọ̀rá, wọ́n gbé e fún ìyá ẹ̀.

Yàrá kan péré ni Níímọ̀tà ní, ibẹ̀ náà ló ti ń kírun. Nájísì sì ni ẹ̀jẹ̀, ohun àìmọ́ tí kì í jẹ́ kí ìrun mọ́. Ó rẹ aṣọ sínú jíìkì, ó fọ̀ ọ́, ó lọ̀ ọ́, ó ká a pamọ́ de ọjọ́ tí ọmọ ẹ̀ máa dé.

Lọ́dún 1996, Abdulateef, ọmọ Ìlọrin tó ń kọ́ òfin ní yunifásítì, wá sílé wa. Ó ní lápá ibì kan ní Amẹ́ríkà, òfin ti gba ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi láyè pé kí wọ́n fi DNA yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kí wọ́n mọ ẹni tó ni ín. Kò sí irú òfin yẹn níbí, àmọ́ òun máa bá wa bẹ adájọ́. Ó ti sọ fún Dáwúdù lẹ́wọ̀n.

“Ìyá, aṣọ náà dà?”

Níímọ̀tà gbé e jáde. Ó funfun báláú. Abdulateef wo ọrùn aṣọ náà, ó wo apá ẹ̀.

“Kò sí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa yẹ̀ wò mọ́.”

Mo bú Níímọ̀tà títí ohùn mi fi há. Ta ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́? Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Nígbà tí ọjọ́ àbẹ̀wò pé, a lọ sẹ́wọ̀n. Lárúbáwá ni Dáwúdù fi ń dá wa lóhùn láti kékeré, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, Yorùbá ló sọ, kí wọ́dà má bàa gbọ́.

“Màámi, jalamíà mi wà lọ́wọ́ yín?”

“Ó wà.”

Ó ń rẹ́rìn-ín, ó sún mọ́ irin tó wà láàárín wa.

“Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ yín. Ẹ má fọ̀ ọ́ o.”

“Mo gbọ́, ọmọ mi,” ni Níímọ̀tà wí.